Mama Obiageli Ti Ọ̀nà Abagana

Onitsha,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kejì, 1965.

Ìyá mi,

Àsàlámù àlékùn. Ẹ kú ilé, ẹ kú àfojúsọ́nà mi. Ara mi le níbí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba.

Lẹ́tà yín dé ọwọ́ mi. Mo kọ́kọ́ rò pé Àlùfáà Màmúdù ló bá yín kọ ọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, àfìgbà tí mo rí i pé “b” kọjú sẹ́yìn, tí ìlà kan ń gòkè tí èkejì ń sọ̀. Ìyá mi, ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ọ́! Mo mú un káàkiri gáréèjì, mò ń fi han àwọn awakọ̀. Mo ní, “Ẹ wo ìyá mi, ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà, ó ti mọ̀wé.” Ọ̀gá mi, Ìyàndá ará Ìbàdàn tó ni ọkọ̀ tí mò ń wà, ní kí n kí yín kú oríire.

Ẹ bi mí pé kí ni mo rí nínú ọkọ̀ wíwà tí n kò fi lè wá sílé wá fẹ́yàwó. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Láàárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, a ó ti kó ẹrù aṣọ àti páálí mílíìkì sínú Bẹ́dífọ́ọ̀dù. Bí a bá ti yọ kúrò ní Onitsha, Ogidi ló kàn. Oòrùn á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yọ, kùrukùru á wà nínú àfonífojì bí òwú tí wọ́n tú sílẹ̀. Ọ̀nà àtijọ́ ni ọ̀nà yìí. Àwọn bàbá àwọn tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló fi ọkọ́ àti ṣọ́bìrì là á fún òyìnbó, ó sì ń gòkè ó ń sọ̀ bí aṣọ tí a sá sórí koríko tí atẹ́gùn wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ ó kọjá Abagana, ẹ ó gun Enugwu-Ukwu, ẹ ó dé Awka, níbi tí ẹ ó ti gbọ́ òòlù àwọn alágbẹ̀dẹ kí ẹ tó fojú kan ilé wọn. Lẹ́yìn odò Oji, òkè Udi bẹ̀rẹ̀: òkè lórí òkè, koríko títí lọ, kò sí igi tó bo ojú. Tí a bá wá dé Ngwo, ọ̀nà á lọ́ kọ́lọkọ̀lọ sísàlẹ̀ títí dé Enugu. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń ka gbogbo súrà tí mo mọ̀.

Ẹni tó bá ti wakọ̀ ní ọ̀nà yìí, ìyá mi, ó ṣòro fún un láti jókòó sí ìsọ̀ mọ́. Mo ń bọ̀ nílé o, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọdún yìí. Ẹ má bínú.

Ọmọ yín,
Bẹ̀llò Àdìó.

* * *

Ìwó,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà, 1965.

Àdìó,

Mo kí ọ. Mo tún kí ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá ìkíni tèkọ́kọ́ kò dé etí rẹ. Lẹ́tà méjì ni mo ti kọ, o kò fèsì. Ọwọ́ mi kò tíì yá, lẹ́tà kan máa ń gba odidi ọ̀sán lọ́wọ́ mi. Tí o kò bá fèsì, ọ̀sán mi lo jẹ gbé.

Gàfárù aláṣọ tí ìsọ̀ rẹ̀ wà ní Onitsha lọ́hùn-ún wá sìnkú bàbá rẹ̀ níbí. Mo bi í léèrè rẹ, ó ń wolẹ̀. Mo ní, “Gàfárù, ṣé ọmọ mi kú ni?” Ó ní rárá o. Ó ní ohun tí òun gbọ́ ni pé Bẹ̀llò kò sí ní Onitsha mọ́, pé ilé Obiageli ní Abagana ló wà, pé ibẹ̀ ló ń jẹ, ibẹ̀ ló ń sùn, ó sì ti pẹ́ díẹ̀.

Ṣé bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn? Bí o bá fẹ́ ọmọ Ìgbò, ṣé mo ní kí o má fẹ́ ẹ ni? Èmi tí mo bí ọ ló yẹ kí n kọ́kọ́ gbọ́, kì í ṣe kí Gàfárù máa wolẹ̀ ròyìn rẹ fún mi. Àwọn tí mo bí ṣáájú rẹ kò dúró. Bàbá rẹ náà kò dúró. Ìwọ nìkan lo dúró, o sì lọ dúró sí òdìkejì Odò Ọya.

Bí o bá ti rí ìyá mìíràn sí ọ̀nà rẹ yẹn, sọ fún mi kí n mọ̀. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, wá sílé.

Ìyá tó bí ọ,
Sìdíkàt.

* * *

Abagana,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà, 1965.

Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín nínú ìwé, nítorí n kò tíì lè dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún kán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má figbe ta. Ó ti ń jinná.

Enugu ni mo ti ń bọ̀. Láti orí òkè Enugwu-Ukwu, ọ̀nà dà gẹ̀rẹ́ wọ Abagana. Mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi kàn wọlẹ̀ lọ ni. Mo fa èyí tọwọ́, kò mú. Ọjọ́ ọjà ni, mò ń wo orí àwọn èèyàn nísàlẹ̀, wọ́n pọ̀ bí ẹ̀wà inú àtẹ. Mo bá yí ọkọ̀ sí oko gbágùúdá kan lápá òsì. Ó la ebè kọjá, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Obìnrin àgbàlagbà kan yọ sí mi pẹ̀lú àdá. Òun ló ni oko. Ó ń bú mi bọ̀, mo sì gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi tó rí bí ẹsẹ̀ mi ṣe tẹ̀, ó ju àdá sígbó. Ó ní, “Ndo, nwa m. Ndo.” Bí wọ́n ṣe ń sọ pé “pẹ̀lẹ́, ọmọ mi” níbí nìyẹn. Wọ́n gbé mi wọ ilé rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ sí ẹni tó ń to egungun. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń sè fún mi, òun ló ń pọn omi ìwẹ̀ mi.

Obiageli ni orúkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó wà ní Jos lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Mama Obiageli ni gbogbo ayé ń pe ìyá náà. Àwọn lẹ́tà yín ń dúró dè mí ní Onitsha, àná ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi mú wọn wá. Kò sí ìyàwó, kò sí àlè. Obìnrin tí Gàfárù ń sọ yìí ju ẹ̀yin fúnra yín lọ lọ́jọ́ orí!

Ọmọ yín,
Bẹ̀llò.

* * *

Ìwó,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù keje, 1965.

Àdìó,

Gàfárù ń padà sí Onitsha lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mò ń bá a bọ̀. Má bá mi jiyàn, ìwé yìí á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọlẹ́yìn mi. Bi ìyá yẹn léèrè bóyá ó ń jẹ obì.

Sìdíkàt.

* * *

Ìwó,
Ogúnjọ́, oṣù kẹsàn-án, 1965.

Àdìó mi,

Mo délé ní àlàáfíà. Àwọn aládùúgbò ní mo sanra. Mo ní kí ni kò ní mú mi sanra, ẹni tí obìnrin kan ń gbé iyán ṣíwájú rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ bí ẹni pé ó fẹ́ tà mí.

Ohun kan wà tí n kò lè sọ lójú rẹ, ni mo ṣe ń kọ ọ́. Ọjọ́ tí o kọ́kọ́ padà sídìí ọkọ̀, tí o ní kí èmi àti Mama Obiageli bọ́ síwájú kí o gbé wa dé Enugu, inú mi kò dùn. Ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná ni mò ń wò. Mo ti pinnu pé bí a bá padà dé, màá sunkún fún ọ títí wàá fi gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ fún Ìyàndá.

Ṣùgbọ́n ìlú kéékèèké yẹn ń kọjá lọ, Àdìó, àwọn obìnrin ń gbọ́lẹ̀ ojú ọ̀nà, wọ́n ń na ìgbálẹ̀ sókè kí ọ, wọ́n mọ ìró ọkọ̀ rẹ. Nígbà tí a dé òkè Udi, tí koríko ń tẹ̀ síbí tó ń tẹ̀ sọ́hùn-ún, tí ojú ọ̀run ṣí láti ìsàlẹ̀ dókè, mo fẹ́ bá ọ wí, ọ̀rọ̀ kò jáde. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, kò síbi tí mo wò tí ògiri ilé ẹlòmíràn kò dá ojú mi dúró. Mo wá ń wò lọ, n kò rí ibi tí mo máa wò dé.

Ní ti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ngwo, màá fi ìyẹn sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Èmi ń ké súrà Kulihúwà, Mama Obiageli ń pe Jésù, a di ara wa lọ́wọ́ mú. Nígbà tí a gúnlẹ̀, a wo ojú ara wa, a bú sẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wa. A ò gbọ́ èdè ara wa, ṣùgbọ́n n kò mọ ọ̀rẹ́ tí mo ní ní Ìwó tí mo lè di lọ́wọ́ mú bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, mo gbà pé ọ̀nà rẹ dára. Ó dára. Wá sílé.

Ìyá rẹ,
Sìdíkàt.

* * *

Onitsha,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹwàá, 1966.

Ìyá mi,

Ẹ kú ìrora ọkàn. Gbogbo lẹ́tà yín dé. Mo mọ ohun tó wà nínú wọn kí n tó ya wọ́n.

Ẹ ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn Ìgbò ní Òkè Ọya. Ohun tí ẹ gbọ́ kò tó bó ṣe rí. Ọkọ̀ ojú irin ń kó wọn dé Enugu. Àwọn kan kò ní nǹkan kan lọ́wọ́, àwọn kan kò ní ọwọ́. Àwa awakọ̀ ń gbé wọn láti ibẹ̀ lọ sí ìlú wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. A kì í gbowó. Ojoojúmọ́ tí mo bá kọjá ní Abagana, Mama Obiageli á ti dúró sẹ́bàá ọ̀nà de ọmọ rẹ̀ tó wà ní Jos, á ní, “Ṣé o rí i?” Mo máa ń ní, “Ó ku ọ̀la.”

Àná, mo dúró níbùdókọ̀ ojú irin, mo ń pariwo, “Obiageli, Abagana! Obiageli, Abagana!” títí ohùn mi fi há. Obìnrin kan tó pọn ọmọ na ọwọ́ sókè. Bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò sí pẹ̀lú rẹ̀, n kò sì béèrè.

Mo gbé e jókòó síwájú. Lórí òkè Udi, ó bi mí pé kí ni orúkọ mi. Mo ní, “Bẹ̀llò.” Ìyá mi, ó sún kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́ títí ó fi lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀. Mo sọ fún un lédè wọn pé, “Ọmọ Yorùbá ni mí. Inú ilé ìyá rẹ ni mo ti tún ìrìn kọ́.” A rìn títí a fi dé Awka. Ibẹ̀ ló ti ní, “Ṣé ìwọ lo ba gbágùúdá ìyá mi jẹ́?”

Mo ní èmi ni. Ó fi ọwọ́ bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. N kò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ rí i, kò pariwo. Ó kàn jókòó sórí ọ̀dà bẹ́ẹ̀, láàárín ọ̀nà, mo sì pa ọkọ̀ kí ó lè jókòó pẹ́ tó bó ṣe fẹ́.

Ìyàndá ti lọ sí Ìbàdàn. Ó ní kí n gbé ọkọ̀ tẹ̀ lé òun. Nítorí orúkọ mi àti fìlà mi, àwọn kan ti ń pè mí ní Hausa nínú ọjà. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ṣì ń sọ̀ kalẹ̀ ní Enugu, ìyá mi. Ta ni yóò gbé wọn?

Ọmọ yín,
Bẹ̀llò.

* * *

Ìwó,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá, 1966.

Àdìó,

A gbọ́ nínú rédíò pé ìjọba ibẹ̀ ní kí àwọn tí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀ máa lọ sílé wọn. N kò lè jẹun. Mò ń gbọ́ ìró ọkọ̀ gbogbo tó ń kọjá.

Bá mi kí Mama Obiageli kú ewu ọmọ. Sọ fún un pé mo bá a yọ̀ títí mo fi sunkún. Ọmọ tirẹ̀ ti wọlé. Tèmi ńkọ́?

Sìdíkàt.

* * *

Asaba,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá, 1966.

Ìyá mi,

Mo ti kọjá odò. Awakọ̀ kan tó ń lọ sí Ìbàdàn lónìí ni màá fi ìwé yìí rán, kí ọkàn yín lè balẹ̀ kí èmi tó dé. Ọkọ̀ tèmi ń fẹ́ àtúnṣe.

Mama Obiageli ni mo fi lẹ́tà yín hàn. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti ní “Tèmi ńkọ́?”, ó dìde, ó lọ wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó ní, “Ó yá.” Mo ní níbo? Ó ní ojú ọ̀nà kò dára fún mi, òun máa jókòó síwájú títí dé orí afárá. Mo bẹ̀ ẹ́, Obiageli bẹ̀ ẹ́. Ó ti gun ọkọ̀.

Bí a ṣe kọjá Ogidi, àwọn ọ̀dọ́ fi pákó dínà. Àdá wà lọ́wọ́ àwọn kan. Ọ̀kan ní, “Driver, wetin be your name?” Kí n tó la ẹnu, Mama Obiageli ní, “Ọmọ mi ni.” Ọmọkùnrin náà ní, “Mama, your pikin no get mouth?” Ẹlòmíràn ti na ọwọ́ gba láísẹ́ńsì mi. Ó kà á, ó pariwo, “Bello! Na Hausa!” Wọ́n di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. Gbogbo Ìgbò tí mo gbọ́ fò lọ lórí mi.

Ìyá yẹn sọ̀ kalẹ̀, ìyá mi. Kò sáré, kò pariwo. Ó lọ dúró níwájú ẹni tó gba ìwé mi, ó ní, “Ìwọ, ọmọ ta ni ọ́?” Ó bi èyí tó tẹ̀ lé e, “Ìwọ ńkọ́, ọmọ ta ni?” Bẹ́ẹ̀ ló ń bi wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń fi ara pamọ́ sẹ́yìn. Ó ní, “Èmi mọ ìwọ. Ìyá rẹ ń ta epo nítòsí mi lọ́jà. Ṣé ó mọ̀ pé ibí lo wà? Ọmọ mi obìnrin bọ́ lójú irin pẹ̀lú bàtà kan. Ẹni tí ẹ fẹ́ pa yìí ló gbé e wálé. Lọ sọ fún ìyá rẹ pé o pa á, kí n gbọ́ ohun tó máa wí.”

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé pákó kúrò lọ́nà.

Ní ẹsẹ̀ afárá, Mama Obiageli ní ibi tí òun máa bọ́ sílẹ̀ nìyẹn, òun ní àbúrò ní Onitsha tí òun máa sùn sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú eruku. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé mi lórí, ó sì pẹ́ kí ó tó gbé wọn kúrò. Ó ní, “Sọ fún ìyá rẹ pé mo ti dá ọmọ rẹ̀ padà fún un.”

Mo ń bọ̀ nílé.

Bẹ̀llò.

* * *

Onitsha,
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta, 1970.

Ìyá mi,

Mo gúnlẹ̀ láyọ̀. Ẹ bá mi kí Mùínàt ìyàwó mi, ẹ ní kó má ronú.

Pọ́ńtù tó ń léfòó ni a fi gbé ọkọ̀ kọjá odò, ogun ti já afárá náà sínú omi. N kò mọ Onitsha mọ́. Ibi tí ọjà wà, èéfín ti kun ògiri, koríko sì ti hù nínú ìsọ̀ Gàfárù. Mo gba ọ̀nà àtijọ́ lọ. Kòtò ti pọ̀ ju ọ̀dà lọ. Kí n tó dé Abagana, egungun ọkọ̀ jíjóná ló tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, igbó sì ti ń gun orí wọn. Mo ń fọn fèrè ọkọ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe máa ń ṣe. Kò sí ẹni tó na ìgbálẹ̀ sókè.

Mo bá obìnrin kan lẹ́yìn ilé tí kò ní òrùlé, ó ń se ewé. Mo kí i, mo ní, “Mama, ẹ jọ̀ọ́, mò ń wá Mama Obiageli.” Ó wò mí, ó ní, “Bẹ̀llò, ṣé o ò mọ̀ mí ni?”

N kò mọ̀ ọ́n, ìyá mi. Ó ti gbẹ. Awọ ara rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ egungun. Mo kúnlẹ̀, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, n kò lè dìde.

Obiageli ti kú, lọ́dún tó kọjá. Ebi ló kọ́kọ́ mú un, ibà wá parí rẹ̀. Ọmọ tó pọ̀n wálé ń bẹ, Nkiru lorúkọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ tóbi, kò sì tíì rẹ́rìn-ín sí mi. Mo bi ìyá náà pé kí ni kí n máa pè é báyìí. Ó ní, “Orúkọ mi kò yí padà. Mama Obiageli ni mí. Pè mí bẹ́ẹ̀, kí n gbọ́ orúkọ ọmọ mi.”

Mo kó gaàrí, iyọ̀ àti epo tí ẹ dì fún mi sílẹ̀. Mo ní kí àwọn méjèèjì bá mi ká lọ sí Ìwó. Ó kọ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni sàréè Obiageli wà, ó ní òun kò lè jẹ́ kí koríko bò ó. Mo ti ṣèlérí fún ẹ̀yin àti Mùínàt pé n kò ní pẹ́, n kò sì fẹ́ di onírọ́ lójú yín lẹ́yìn gbogbo ohun tí ẹ ti fojú rí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá gbéra wálé. Mi ò mọ bí màá ṣe dágbére fún un.

Ọmọ yín,
Bẹ̀llò.

* * *

Ìwó,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹta, 1970.

Àdìó, ọmọ mi,

Mo ka ìwé rẹ, mo fún Mùínàt kà, a jókòó síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò dáná lálẹ́ ọjọ́ náà.

Gàfárù ló ń mú èyí bọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó sáré, kó lè bá ọ kí o tó gbéra.

Má tíì wá.

Má fún wọn ní gaàrí líle. Ikùn tí ebi ti pa pẹ́ kì í gba oúnjẹ lójijì. Ẹ̀kọ tó ṣàn ni kí o máa fún wọn, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀. Tí ọmọ náà bá ní òun kò jẹ, gbé e sórí ẹsẹ̀ kí o máa sọ̀rọ̀ fún un, ọ̀rọ̀ yòówù. Mùínàt ti ń di ẹrù. Ó ní òun kò ní jókòó níbí máa retí ọkọ tí òun lè lọ bá. Ìgbà tí Gàfárù bá tún ń bọ̀, yóò bá a wá.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ níbí ní àná. Yóò dé ọ̀dọ̀ yín láìpẹ́, ilé ìyá náà kò sì ní òrùlé. Wá páànù níbikíbi tí o bá ti lè rí i. Bí o kò bá rí páànù, wá koríko. Gun orí ilé náà fúnra rẹ, má dúró de káfíńtà.

Èmi kò ní ohun tó ń ṣe mí. Mo ní aládùúgbò lọ́tùn-ún, mo ní lósì, mo ní ilé tí kò jò. Òun kò ní ẹni tí yóò bá a fa omi. Mo mọ̀ pé bí o bá gbọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu, yóò pẹ́ kí n tó rí ojú rẹ. Gbọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu bẹ́ẹ̀ náà.

Kọ́kọ́ bo ilé rẹ̀ ná.

Ìyá rẹ,
Sìdíkàt.